Ẹ̀kọ́ Tí Kò Dúró De Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Àjàrá àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín la gbé wá lónìí: kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tuntun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀, èyí tó lè ṣe wá láǹfààní níbí, àti èyí tí a lè fi sílẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ n mú yín padà sí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí àrùn Kòrónà ti wọlé, ìjọba fi ààlà yí àwọn ìlú kan ká ní gúúsù Benin, pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí ẹnikẹ́ni má jáde láìgba àṣẹ. Kùtọnu wà nínú rẹ̀, Abomey-Calavi wà nínú rẹ̀, Àjàṣẹ́ wà nínú rẹ̀, Àjàrá wa yìí náà ò yọ sílẹ̀. Ilé-ìwé ti ilẹ̀kùn. Ó di ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó ká ààlà náà kúrò, kí ọ̀pọ̀ kíláàsì sì tó tún ṣí. Kì í ṣe àwa nìkan ló bá. UNESCO ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé tì mọ́ káàkiri ayé nígbà náà, ó lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ lórí fóònù. Ọmọ á ní òun wà ní kíláàsì, bàbá á ní irọ́ ni, fídíò ló ń wò. Ká má parọ́, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ bàbá ló jàre.

Irinṣẹ́ kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni wọ́n ń pè ní Moodle. Irú rẹ̀ pọ̀: Google Classroom wà, èyí tó jáde ní 2014, Canvas wà, Blackboard wà. Moodle ni mo mú nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wù lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tó ṣe é. Owó iná, owó kọ̀ǹpútà àti owó oṣù ẹni tí yóò máa bójú tó o kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣi ìṣirò ṣe. Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yàn án láti 2005, Unisa ti Gúúsù Áfíríkà náà sì ti kó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó dá Moodle sílẹ̀, Martin Dougiamas, ọmọ Ọsirélíà ni. Ìtàn rẹ̀ dùn ún sọ lórí rédíò, torí rédíò wà lára ohun tó tọ́ ọ dàgbà. Inú aṣálẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ, níbi tí ilé-ìwé ti jìnnà réré. Orí rédíò ló ti gba ẹ̀kọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń gbé ìwé wá fún wọn. Ètò tí wọ́n fi ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, School of the Air, ìlú Alice Springs ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adelaide Miethke ló mú àbá rẹ̀ wá. Rédíò tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa yìí, tí èmi ń sọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ò lè dá mi lóhùn. Rédíò àwọn dókítà tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kiri ìgbèríko tọ́jú aláìsàn ni wọ́n yá. Olùkọ́ á béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ á sì dáhùn láti oko bàbá rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà sí ibi tí olùkọ́ jókòó sí. Àwọn ọmọ yòókù náà á gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn wà.

Nígbà tí Dougiamas dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Curtin ní ìlú Perth. Irinṣẹ́ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fowó rà, òun ló ń bójú tó o, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ló bá jókòó ti tirẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 2002 ló gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Lóde òní, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, ní nǹkan bí oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá.

Nínú àwọn ẹ̀dà tó jáde láìpẹ́, 4.0 ti oṣù kẹrin 2022 ló yí ojú rẹ̀ padà jù. Tẹ́lẹ̀, ojú ewé gígùn kan ni ẹ̀kọ́ odidi sáà, akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi ìka fà á wálẹ̀ títí ìka á fi rẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, àkójọ orí-ọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, ohun tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àmì tó ń fi hàn pé o ti ṣe èyí, o kò tíì ṣe tọ̀hún. Ẹ̀dà 4.5 ti oṣù kẹwàá 2024 ló mú ọgbọ́n àtọwọ́dá wọlé. A ó padà sórí ìyẹn. Ẹ̀dà 5.0 ti oṣù kẹrin 2025 sì mú kí àká ìbéèrè di ohun tí ẹ̀kọ́ kan lè yá ẹ̀kọ́ mìíràn, kí olùkọ́ má baà máa kọ ìbéèrè kan náà ní ìlọ́po ìlọ́po.

Gbogbo wọn dára. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí léèrè èwo ló yẹ kí olùkọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ ní Honvié tàbí Médédjonou kọ́kọ́ bojú wò, n kò ní mú ìkankan nínú wọn. Èyí tí n ó mú ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹnì kankan kì í pariwo rẹ̀: áàpù orí fóònù tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọbìnrin kan láti Honvié tó ń kàwé ní Abomey-Calavi, tó wá sílé wá bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó tó kúrò ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, ó ṣí áàpù náà, ó wọ inú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́, ó rí àwòrán kùrukùru kékeré kan tí ọfà kọjú sísàlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Áàpù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí olùkọ́ gbé síbẹ̀ wọ inú fóònù: ìwé, ohùn, àwòrán. Nígbà tó dé Honvié, mẹ́gà tán, tàbí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa wá máa lọ. Ó ṣí ẹ̀kọ́ náà, ó ń kà á bí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ èsì sí ìbéèrè tí olùkọ́ gbé sílẹ̀ fún ìjíròrò. Áàpù sọ fún un pé èsì náà ṣì wà lórí fóònù, kò tíì lọ. Ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ìyẹn náà wà ní ìpamọ́. Lọ́jọ́ tó bá bá ìyá rẹ̀ dé Àjàṣẹ́, tí fóònù rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó le, gbogbo rẹ̀ á gbéra lọ sí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́. Tí kò bá lọ fúnra rẹ̀, ibì kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí a ti lè ní kó lọ.

Ìdánwò ló le jù níbẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ni mo sì ń bá wí. Fóònù ọmọ ò lè gba ìdánwò sílẹ̀ àfi tí ẹ bá yọ̀ǹda. Níbi tí ẹ ti ń to ìdánwò, ìlà kan wà tó ń béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é lórí áàpù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti ilé. Tí ẹ kò bá fọwọ́ ara yín yí i sí Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló máa wà. Ó tún ku àwọn ohun mìíràn; méjì nínú wọn nìyí. Ìdánwò náà ò gbọ́dọ̀ ní gbèdéke ìṣẹ́jú. Èkejì, ẹ gbọ́dọ̀ tò ó kó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá dáhùn gbogbo ìbéèrè tán ló tó mọ èyí tó gbà àti èyí tó kùnà, kì í ṣe ní ìparí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ló ń ṣọ́ aago, òun náà ló mọ ìdáhùn. Tí fóònù kò bá rí i, ta ni yóò ṣọ́ aago, ta ni yóò máàkì?

Gbèdéke ìṣẹ́jú yìí ló ń dá gbogbo ẹ̀ dúró. Ẹ̀rù wo-tèmi-kí-n-wo-tìẹ ń ba olùkọ́, ó fi ogún ìṣẹ́jú sí ìdánwò kékeré tí kò ju ìdánrawò lọ. Kò mọ̀ pé ogún ìṣẹ́jú yẹn ti ti ìdajì kíláàsì mọ́ta. Èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé ní ìṣẹ́jú keje nínú wọn lè gba òdo, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i lára pé ọ̀lẹ ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ má wo ti ẹlòmíràn, àká ìbéèrè tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ṣe é jù aago lọ. Ẹ kó ọgọ́rùn-ún ìbéèrè sínú àká, kí ẹ ní kí ìdánwò máa mú mẹ́wàá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe bọ́ sí i. Ti ọmọ kan á yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó tì í. Níbi tí olùkọ́ ìṣirò bá ti ju ẹyọ kan lọ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n pawọ́ pọ̀ kún àká kan ṣoṣo, ẹ̀dà 5.0 ti mú ìyẹn rọrùn. Ìdánwò tó máa gbé ọmọ kúrò ní kíláàsì kan sí òmíràn, ẹ jẹ́ kó ṣe é níwájú yín nínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú bébà. Lójú tèmi, ìjà orí fóònù kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiyín. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí fóònù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má lọ parí ìdánwò kan náà lórí kọ̀ǹpútà ní sáíbà kí fóònù tó rán tirẹ̀ lọ. Bí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba èyí tó tọwọ́ sáíbà wá, èyí tó wà lórí fóònù yóò sọ nù ni. Orí ohun tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́gà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀, ìṣirò tí kò le ni. Ohùn olùkọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 64 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí wọ́n sì sọ fún wákàtí kan gbáko, kò tó mẹ́gà 30. Fídíò wákàtí kan, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dé 500 kilobit, tí ojú olùkọ́ ò fi mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́, ó ń lọ sí mẹ́gà 225. Ìyẹn ju ìlọ́po méje lọ, fún ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ti rí olùkọ́ tó gbé kámẹ́rà sí iwájú ara rẹ̀, tó jókòó, tó ń ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi fìlà olùkọ́ ṣe? Tí kò bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan, bí ẹni tó ń to wáyà iná tàbí tó ń ya àwòrán sí pátákó, ohùn àti ìwé tó.

Àyè gbígba ohùn sílẹ̀ wà nínú Moodle fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 3.5 ti ọdún 2018. Ibi tí olùkọ́ ti ń kọ̀wé, àwòrán gbohùngbohùn kan wà níbẹ̀; ó tẹ̀ ẹ́, ó sọ̀rọ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi sí i láti ilé, àfi tí alábòójútó bá fẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń ráhùn pé ìṣẹ́jú méjì kéré. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ wa, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì ń ka Faransé náà láìyé e tán. Olùkọ́ tó bá kọ ẹ̀kọ́ nípa bí ewé ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, tó wá fi ìṣẹ́jú méjì sọ ọ́ ní Yorùbá tàbí ní Gùn lábẹ́ ìlà tó le jù nínú rẹ̀, ó ti ṣe ohun tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Paris kò lè ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè fi ohùn dáhùn, tí olùkọ́ bá gbà á. Ẹni tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ó yẹ kó máa fi bébà nìkan ṣe é?

Ó ku ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí gbogbo ènìyàn ń béèrè. Nínú ẹ̀dà 4.5, ó lè bá olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀, ó lè bá a ya àwòrán, ó sì lè ké ẹ̀kọ́ gígùn kúrú fún akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣiṣẹ́ lásán. Alábòójútó gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ọgbọ́n náà, bíi OpenAI, ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń gbowó bí ẹ bá ṣe lò ó tó. Ó tún ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo ìgbà. Ṣé ẹ wá rí i pé kò tíì kan ọmọ wa tó wà ní Honvié? Fún olùkọ́, mo gbà pé ó wúlò: kó gbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún un, kó ní kó bá òun kọ ogún ìbéèrè jáde, kó wá fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, torí ó ń ṣì, kì í sì í tijú tó bá ṣì. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ tí kò tíì ka ìwé ojú ewé mẹ́rin tán rí, ẹ fún un ní bọ́tìnnì tí yóò fi sọ ọ́ di ìlà mẹ́rin. Tí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ti ṣí i, ẹ ní kí wọ́n kọ ìlà mẹ́rin tiwọn ná, kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí ẹni mẹ́ta ń lò nínú ilé kan, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín. Áàpù náà gba orúkọ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n lè wọlé pẹ̀lú tirẹ̀, kí àbúrò wọlé pẹ̀lú tirẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Kí kálukú ṣáà mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kó má kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fóònù.

Ohun kan wà tí irinṣẹ́ kò lè bá olùkọ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá níwájú àwọn agbẹ́lù Àjàrá, ẹ ti rí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Ó fa awọ, ó lù ú wò, ó bojú wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá lè má sọ ju "kò tíì fà tó" lọ, ọmọ ti mọ ohun tí yóò ṣe. Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dá ọmọ lóhùn, àká ìwé lásán ni. Nínú àkójọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ìlà kan wà tó ń fi ìgbà tí olúkúlùkù wọlé kẹ́yìn hàn yín. Ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹni tí kò wọlé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pè é lórí fóònù. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé owó ìwé ni kò sí nílé. Ẹ sì má fi máàkì nìkan dá iṣẹ́ padà: ìlà kan péré lábẹ́ rẹ̀, pé ibi báyìí lo ti ṣìnà, á mú kó tún un ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kò nílò láti mọ gbogbo èyí. Tí ẹ bá dé ìpàdé ilé-ìwé, tí wọ́n ní àwọn ti ní kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi wọ́n: ṣé ọmọ mi lè ṣe é nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ta ni yóò sì dá a lóhùn nígbà tó bá kọ̀wé sí wọn?

Ó ku ẹyọ kan fún ẹ̀yin olùkọ́ agbègbè wa. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí fóònù gbọ́dọ̀ dé kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kí ọjọ́ ìparí rẹ̀ tó pé. Tó bá pẹ́, kò ní wọlé mọ́. Ọjà Àjàrá, ọrọọrún ni, ẹ sì mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ yín tó máa ń wà nídìí àtẹ ìyá wọn lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ẹ tó yan ọjọ́ tí ìdánwò máa parí, ẹ ka ọjọ́ ọjà lórí ìka, kí ẹ sún un sí ọ̀túnla rẹ̀.